Díìṣì Ńlá Ń Tàsé, Díìṣì Kékeré Ń Gbà Á

Ìbéèrè: Bàbá Eléríàlì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń tọ́jú díìṣì ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mítà 2.4 ni, Ku-band, ìyẹn ọ̀kan lára ìgbì tí sátẹ́láìtì fi ń ránṣẹ́, la sì fi ń gba ìsìn láti olú ìjọ. Láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, sígínà ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lọ́sàn-án àti lóru, á sì tún padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ti pààrọ̀ LNB, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré iwájú díìṣì tó ń gba sígínà, ó ti pààrọ̀ wáyà, owó ṣáà ń lọ ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé sátẹ́láìtì yìí kan náà ni aládùúgbò wa ń lò. Díìṣì tirẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, tirẹ̀ kì í sì í lọ! Ohun kan tún kù: aago méjì ló máa ń lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, aago méjìlá ni.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ra LNB kankan mọ́. Ohun tí o fi kásẹ̀ lẹ́tà rẹ nílẹ̀ gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé oòrùn ló ń mú LNB gbóná, kí ló kàn án lóru? Wáyà tó bàjẹ́ kì í wo aago. Ohun tó bá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tètè dé sí i lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ wákàtí méjì láàárín oṣù kan, òkè ni kí o ti wá a. Wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56 ni sátẹ́láìtì irú èyí fi ń yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan, kò pé wákàtí 24. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó dín yẹn ni ò ń rí.

Sátẹ́láìtì yín ti ń darúgbó, àwọn tó ni ín sì ti ń ṣọ́ epo rẹ̀ lò. Kìlómítà 35,786 ló wà sí ilẹ̀, lókè ìlà agbedeméjì ayé. Òṣùpá àti oòrùn kì í jẹ́ kó dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n ń fà á, ọ̀nà rẹ̀ á máa dagun sí àríwá àti gúúsù, ẹ́ńjìnnì kékeré ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń dá a padà. Nínú epo tó ń lò láti dúró sí àyè rẹ̀, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ tó ń bá ìyẹn lọ. Èyí tó ń mú un dúró kó má baà lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn kò tó nǹkan. Nítorí náà, bí epo bá ti ń tán lọ, wọ́n á fi ti àríwá àti gúúsù sílẹ̀, wọ́n á di èkejì mú, kó má baà wọ ààlà sátẹ́láìtì ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, ọ̀nà rẹ̀ á máa dagun ní nǹkan bíi dígírì kan dín díẹ̀ lọ́dún. Kò kú o. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó kàn ń rìn síwá sẹ́yìn ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tìrẹ ló ń lọ? Bí díìṣì bá ṣe tóbi tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń dín, bíi tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fún iná rẹ̀ pọ̀. Díìṣì mítà 2.4 kò rí ju nǹkan bíi dígírì 0.7 lọ, ti aládùúgbò rẹ ń rí tó méjì. Kó má tíì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bó bá fi máa tó ọdún kan sí i, á kan òun náà. Nígbà tí mo wà ní ibùdó sátẹ́láìtì Làńlátẹ̀, láyé NET, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkè òkun, mọ́tò ló ń yí díìṣì ńlá wa tẹ̀ lé sátẹ́láìtì tara rẹ̀ le koko.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, lọ sí CelesTrak lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń kọ ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì sí, kí o wá orúkọ sátẹ́láìtì yín. Ìlà nọ́ńbà méjì ni wàá rí. Ní ìlà kejì, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ni dígírì tí ọ̀nà rẹ̀ fi dagun. Èyí tí wọ́n dì mú dáadáa kì í tó 0.1. Bí o bá rí 0.6 tàbí 0.7, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e wà lọ́jà. Ní ilẹ̀ wa, tí a sún mọ́ agbedeméjì ayé, bí sátẹ́láìtì náà kò bá sí lókè orí wa gan-an, ọ̀tún àti òsì ló máa ń yí jù, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí o kọ́kọ́ bi olú ìjọ bóyá wọ́n fẹ́ kó lọ sórí sátẹ́láìtì mìíràn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń múra rẹ̀ láìsọ fún yín. Lówó kékeré, díìṣì mítà 1.2 á fún yín láyè oṣù díẹ̀ sí i, bí sígínà bá lágbára tó.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ọjọ́ ogbó NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, ti dé. Ṣé kò ní já lé wa lórí? Ìyá Olùkọ́, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n gbé e lọ láti Xichang ní Ṣáínà, ọdún 15 ni wọ́n sì ṣírò fún un. Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Àmọ́ níbi tó wà, ní dígírì 42.5 ìlà-oòrùn, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa dá a dúró kó fi já bọ́. Epo tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n máa ń fi gbé irú rẹ̀ ga sí i ní nǹkan bíi kìlómítà 300, síbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Èyí tó ń bani lẹ́rù ni èyí tó bá kọ àṣẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, sátẹ́láìtì Galaxy 15 kò gbọ́ràn mọ́, bẹ́ẹ̀ sígínà rẹ̀ ṣì ń tàn, ó sì ń rìn gba àárín àwọn yòókù kọjá. Oṣù Kejìlá ni bátìrì rẹ̀ tó tán pátápátá, ó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ló bá gbọ́ràn. Ti Intelsat 901 ló wù mí jù: ọdún 2001 ni wọ́n gbé e lọ, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2020 ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, MEV-1, lọ so mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì bá a darí ara rẹ̀ títí di ọdún 2025. Oṣù Kẹrin ọdún 2020 ló padà sẹ́nu iṣẹ́.

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Ṣakí: o kò sọ bí díìṣì rẹ ṣe fẹ̀ tó, o kò sọ aago tí sígínà ń lọ. Kọ aago náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó o tó tún kọ̀wé sí mi.