Bọ́ọ̀dù kẹrin, dúdú lọ́wọ́: kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíìmù iléèwé wa fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni mẹ́rin sí ẹni mẹ́rin, bọ́ọ̀dù kẹrin ni wọ́n fi mí sí, dúdú ni mo máa mú. Latvian Gambit, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ eré kan fún dúdú, ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n káptéènì ní Caro-Kann, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, ni kí n ta. Ṣé ó fẹ́ sọ mí di ojo ni?

Ìdáhùn: Ojo kọ́ o, àbúrò mi. Tó bá jẹ́ tìẹ nìkan lò ń ta, ta Latvian títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n tíìmù lèyí, ẹni tó bá jẹ gba point kan, ọ̀mì jẹ́ ààbọ̀, tíìmù tó bá ti ní 2½ ti jẹ, bó ṣe rí ní Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àwọn orílẹ̀-èdè, náà nìyẹn. Latvian sì rèé (funfun ló ń kọ́kọ́ ta, dúdú á tẹ̀ lé e; N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá jẹ́ pawn): e4 e5, Nf3 f5, move kejì péré o ti tú àṣírí ọba ẹ síta, nígbà tẹ́nìkan ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀mì lásán ló máa tó tíìmù.

Caro-Kann: e4 c6, d4 d5, tí alátakò ẹ bá ta Nc3, fi pawn d5 jẹ pawn e4, ẹṣin ẹ̀ á jẹ ẹ́ padà, ìwọ wá gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f5. Ẹṣin á lọ g3 láti lé e, o padà sí g6. Tó bá wá ti pawn dé h4, h6 ni kíá, torí h5 ló ń bọ̀, bíṣọ́ọ̀bù ẹ á há síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń ta Nd7 dípò Bf5, kò burú, àmọ́ tó bá rọra gbé ayaba sí e2 báyìí bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, má fọwọ́ kan ẹṣin g8 o! Tó o bá fi lè gbé e sí f6, ẹṣin tiẹ̀ á bọ́ sí d6, ó parí nìyẹn: pawn e7 ò lè jẹ ẹ́ torí ayaba ń wo ọba ẹ lẹ́yìn ẹ̀, ọba náà ò ríbi sá, àwọn èèyàn ẹ̀ ló dí i lọ́nà. Move 6 péré, wàá wá jókòó máa wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ.

Tó bá jẹ́ d4 ló fi bẹ̀rẹ̀, d5 àti c6 náà ni, ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Slav nìyẹn, òun àti Caro-Kann jọra gan-an.

Tí alátakò ẹ bá fi ọ̀mì lọ̀ ẹ́, bi káptéènì kó o tó dáhùn. Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, gba káptéènì láyè kó ní kó o gbà á tàbí kó o kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Tí bọ́ọ̀dù mẹ́ta yòókù bá ti parí, tẹ́ ẹ sì ń fi 2–1 jẹ, gbà á. Tó bá jẹ́ 1–2 lẹ wà, ọ̀mì ò wúlò fún yín mọ́, kọ̀ ọ́, kó o wá ibi tó o ti máa ti pawn dé c5 láti ṣí àárín bọ́ọ̀dù.