Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹyẹ hummingbird lè fò sẹ́yìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ó tún lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó láìbà lé ohunkóhun. Èjìká ni àṣírí rẹ̀ wà. Ìgbà tí àwọn ẹyẹ yòókù bá fi apá gbá afẹ́fẹ́ wálẹ̀ ni wọ́n ń rí agbára tó pọ̀ jù láti gbéra; ti hummingbird ń yí ní èjìká, nítorí náà ó ń rí agbára ní àlọ àti àbọ̀ apá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ju apá ní nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ti alẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Bó bá ń fò, ọkàn rẹ̀ lè lù ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, oúnjẹ sì ń tètè tán lára rẹ̀ débi pé ebi lè pa á kú mọ́jú. Nítorí náà, lóru tí òtútù bá mú, ó máa ń wà ní ipò dákú-dájí: ara rẹ̀ á tutù, ọkàn rẹ̀ á falẹ̀ gan-an, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Àríwá àti Gúúsù, nìkan ni wọ́n wà, irú wọn sì lé ní 300. Èyí tó kéré jù, tó wà ní Cuba, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Irú kan tí ọ̀fun akọ rẹ̀ pupa sì máa ń fò sọdá Gulf of Mexico, apá òkun ńlá kan, nǹkan bíi kìlómítà 800, láìdúró. Ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú jù.