Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná àti ìpara GHK

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa fi ìpara tó ní GHK nínú pa egbò àtẹ́lẹsẹ̀ màmá yín tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí kò jinná láti oṣù mẹ́ta. Oṣù márùn-ún ni èmi náà fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa egbò tèmi, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

GHK kì í ṣe àjèjì sí ara. Pẹ́pítáìdì kékeré ni, amino acid mẹ́ta péré, ìyẹn èròjà kéékèèké tí purotéènì fi ń di odindi, ló so pọ̀ di í, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Loren Pickart, ló sì ṣàwárí rẹ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní 1973. Ó máa ń di èròjà bàbà (copper) mú, ó sì wà lára kọ́lájìn, ìyẹn fọ́nrán tó gbé awọ àti ẹran ara ró. Nínú yàrá ìwádìí, ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe kọ́lájìn tẹra mọ́ iṣẹ́, ó sì ti mú kí egbò àwọn ẹranko kan tètè dí.

Ohun tí mo kà nìyẹn tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Láràárọ̀ ni mo ń tú báńdéèjì, tí mo ń fi ìpara aláwọ̀ búlúù náà pa á, síbẹ̀ ńṣe ni etí egbò náà ń funfun bí awọ tó pẹ́ nínú omi. Ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wo bó ti jìn tó, irin náà kan egungun, n kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá, nítorí pé àtọ̀gbẹ ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ mi jẹ́. Kòkòrò ti wọ inú egungun, ìpara kan kò sì lè dé ibẹ̀.

Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, mo lo oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣúgà mi wálẹ̀, wọ́n sì fún mi ní bàtà tí kò jẹ́ kí n tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹran pupa oníkókó wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ láti ìsàlẹ̀. N kò sọ pé irọ́ ni iṣẹ́ GHK, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú egbò, tí ìwúwo ara sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò sí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Awọ tí kò bó ni wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ àwọn ìpara wọ̀nyí fún.

Ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wọn wò, kí wọ́n sì ya àwòrán egungun rẹ̀. Bí egbò náà bá ń rùn, tàbí tí ìka ẹsẹ̀ kan ń dúdú, òní ni kí ẹ gbé wọn lọ.