Èsì: Ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi?

Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì gba fóònù yẹn o, àjèjì ló ń bi ọmọ yín lórúkọ iléèwé ẹ̀ nínú géèmù, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló sì wá fi hàn yín, tẹ́ ẹ bá wá fìbínú gbà á, lọ́jọ́ míì kò ní sọ mọ́. Ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ jọ jókòó kó fọwọ́ ara ẹ̀ blọ́ọ̀kì onítọ̀hún. Ẹ wá lo Family Link ti Google, app tí òbí fi ń mójú tó fóònù ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ́ máa rí app tó ń lò, ẹ sì lè ní kí fóònù náà máa ti ara ẹ̀ pa lálẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló ṣe pàtàkì jù: fọ́tò tó wọ yunifọ́ọ̀mù, àdírẹ́sì, pásíwọ́ọ̀dù, kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, kódà kẹ́ni náà lóun náà ò ju ọmọ ọdún 10 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní "má sọ fún mọ́mì ẹ", kí ọmọ yín sáré wá bá yín lójú ẹsẹ̀.