Àwọn ayálégbé àti obìnrin ọjà kì í wá sípàdé àdúgbò wa: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ìpàdé àdúgbò wa. Àárọ̀ Sátidé tó bá parí oṣù la máa ń jókòó, ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ló ń wá. Lándílọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. A dá owó gọ́tà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ayálégbé àti àwọn obìnrin ọjà ní àwọn ò mọ̀ nípa ẹ̀, wọn ò sì mú owó wá. Kí la lè ṣe tí wọ́n á fi máa wá, tí wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, akọ̀wé. Owó tí wọn ò mú wá yẹn kì í ṣe àfojúdi. Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ gọ́tà kí ó tó dé etí wọn, ẹni tí a kò sì pè sí ìmọ̀ràn kì í sáré tọwọ́ bọ àpò. Kí ìpàdé ìpinnu tó wáyé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ṣáájú.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún un. Ẹ pín àdúgbò sí agbo kéékèèké, ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ lágbo kan. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹni méjì péré ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á di òǹwòran. Ibi tí kálukú wà ni kí ẹ lọ bá a: ìsọ̀ àwọn obìnrin, ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ibùdó ọlọ́kadà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Wákàtí kan tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ rìn gba ojú gọ́tà lọ, kí wọ́n fi tépù wọn gígùn rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí omi ti ń dá dúró, kí wọ́n bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ léèrè oṣù tí omi máa ń wọlé bá a. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ bíríkìlà méjì, ó kéré tán, kí ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá: gígùn, iye àpò sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, owó iṣẹ́. Kí ẹnì kan kà á sókè, torí ẹni tí kò mọ̀wé kì í sọ pé òun ò lè kà á. Yóò kàn dákẹ́ ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí agbo kọ̀ọ̀kan dáhùn: Kí la rí? Kí ló fà á? Tí a bá ṣe é báyìí, ta ni ìnáwó rẹ̀ máa ni lára jù? Kí wọ́n wá yan ẹnì kan tí yóò gbẹnu sọ fún wọn nípàdé.

Sátidé tí ẹ mú yẹn, ọjọ́ ọjà ni fún àwọn obìnrin. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́. WhatsApp nìkan kò tó. Ẹ ránṣẹ́ sí ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀ àti alága ọlọ́kadà. Ẹ to àga yí ká, ẹ gbé tábìlì àwọn aṣáájú kúrò níwájú.

Nípàdé, àwọn agbo ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin àti ọ̀dọ́ ṣáájú, alága kẹ́yìn pátápátá. Kò yẹ kí èyí bí àgbà nínú, àgbà náà ló ń pa ọ̀rọ̀ dé. Bí alága bá ti kọ́kọ́ sọ èyí tó wù ú, ta ni ọmọ tí yóò já a nírọ́?

Ẹ má fi ọwọ́ nínà dìbò. Ayálégbé tí lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ ń wò kò ní na tirẹ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì tó ti ṣófo, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ yàn nínú rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn: gọ́tà, kànga ẹ̀rọ, iná ojú títì. Ẹ ta aṣọ bò wọ́n, kí ẹ sì fi òwú tẹ́ ìsàlẹ̀ agolo kí ìró má baà tú àṣírí ẹni tó ń dìbò. Hóró àgbàdo mẹ́ta ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Ó lè kó o sójú kan, ó sì lè pín in. Ojú gbogbo èèyàn ni kí ẹ ti kà á.

Ṣùgbọ́n iye hóró nìkan lè ṣì yín lọ́nà, torí ibi tí èrò pọ̀ sí ni yóò máa borí. Ní Porto Alegre, ní gúúsù Brazil, níbi tí ìjọba ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ̀lú ará ìlú lórí owó ìṣúná ní 1989, agbègbè 16 ni wọ́n pín ìlú sí. Wọn kò wo ohun tí agbègbè fi ṣáájú àti iye èèyàn ibẹ̀ nìkan. Wọ́n tún wo bí ohun náà ṣe ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń yan òpópónà tí ẹ máa ṣe gọ́tà rẹ̀, ẹ lè fi hóró 10 kún ti òpópónà tí kò ní gọ́tà rárá, 5 fún èyí tí tirẹ̀ ti wó. Ẹ sọ ọ́ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò, màgòmágó ni wọ́n máa pè é.

Porto Alegre yìí kan náà rí ìṣòro lọ́dún méjì àkọ́kọ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìlú, iṣẹ́ tí wọ́n yàn kò jáde, èrò ìpàdé kò sì pọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ hàn lójú títì ni èrò ya wá. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ lè parí láàárín oṣù mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ì báà kéré.

Ní ti owó, ẹ má dá a ní dọ́gbadọ́gba. Gọ́tà ń bu iyì kún ilé onílé, ayálégbé sì lè kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí onílé san èyí tó pọ̀ jù. Kí ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún máa ṣọ́ ọ, ayálégbé méjì wà níbẹ̀, obìnrin méjì ó kéré tán, kí ẹ sì máa lẹ rìsíìtì mọ́ ògiri lóṣooṣù.

Èyí tó bá ju agbára yín, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọ́ọ̀dù yín lọ́dún yìí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ lè tọ́ka sí abala 14(2)(c) ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó ní kí ará ìlú máa kópa nínú ìjọba wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi halẹ̀ ẹjọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: abala 6(6)(c) kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ dá owó gọ́tà yẹn dúró. Ẹ lẹ iye tó ti wọlé mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà sáàárín agbo.