Bí a ṣe lè pàtẹ àwòrán àwọn ọmọ kí òbí lè dúró wò ó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ 28 ni mò ń kọ́ ní àwòrán yíyà, láti ọmọ ọdún 9 sí 12. Nígbà tí a ṣe ìpàtẹ gbẹ̀yìn, sẹ́lótéèpù la fi lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ ògiri. Kí ọ̀sán tó pọ́n, púpọ̀ ti já bọ́, àwọn tó kù sì ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àwọn òbí fi rìn kọjá, àwọn kan sì bi mí pé ṣé eré yìí kò ní gba àkókò ìwé mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi rí i pé ẹ̀kọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Àwòrán tó ti parí nìkan ni àwọn òbí rí lára ògiri yẹn. Wọn ò rí èyí tí ọmọ kọ́kọ́ yà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn ò sì mọ ìdí tó fi tún un yà. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà. Nítorí náà, ẹ lẹ àwòrán ìdánrawò mọ́ páálí kan náà pẹ̀lú èyí tó parí, kí ọmọ sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n yà jù nìkan, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì tiyín kan iṣẹ́ ọmọ láti tún un ṣe. Òbí á mọ̀, ọmọ náà á mọ̀, kò sì ní fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ní ti kíká kò: omi inú ọ̀dà ló ń mú kí bébà wú, bó bá sì ti ń gbẹ, ojú tí ọ̀dà wà á sún kì ju ẹ̀yìn lọ. Bébà tí a fi ń tẹ ìwé, tó jẹ́ gíráàmù 80 ní mítà kan níbùú lóròó, kò lè gba ọ̀dà olómi. Ẹ wá èyí tó tó gíráàmù 200. Èyí tó ti ká kò ṣì ṣeé tọ́: ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bébà mímọ́, ẹ fín omi wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó kàn tutù, kó má rin gbingbin. Ẹ fi bébà mímọ́ mìíràn bò ó, ẹ gbé pátákó pẹlẹbẹ lé e, ẹ kó ìwé tó wúwo lé pátákó náà di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe èyí fún iṣẹ́ ẹ̀dú, máákà tí omi lè mú ṣàn, tàbí ọ̀dà tó nípọn, torí á lẹ̀ mọ́ bébà.

Iṣẹ́ ẹ̀dú ń fẹ́ fixative, ìyẹn oje fínfín tó ń mú kí ẹ̀dú lẹ̀ mọ́ bébà, kó má baà máa pa rẹ́. Ìta gbangba ni kí àgbàlagbà ti fín in, kó jìnnà sí àwòrán tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dípò kó da á bò ó lẹ́ẹ̀kan, èyí tó lè mú kí àwòrán ṣú.

Fún àwòrán A3 tó dùbúlẹ̀ (ìbú sẹ̀ǹtímítà 42, gíga 29.7), ẹ gé páálí funfun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 52, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 62. Ẹ fi àyè 5 sílẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lábẹ́ àwòrán, ẹ fi àyè 5 mìíràn, lẹ́yìn náà ni ìdánrawò A5 tó dùbúlẹ̀ (ìbú 21, gíga 14.8) lápá òsì àti ọ̀rọ̀ ọmọ lápá ọ̀tún. Àyè 7 ni kó kù nísàlẹ̀, torí bí ìsàlẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú òkè, lójú ẹni tó ń wò ó, ṣe ni àwòrán á dà bí ẹni ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Etí òkè nìkan ni kí ẹ lẹ̀. Bébà ń wú, ó sì ń sún kì bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí. Tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù yí i ká, kò ní ráàyè, á sì wú káàkiri. Ẹ ká bébà tín-ínrín méjì sí méjì-méjì, kí apá kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán, kí ìkejì lẹ̀ mọ́ páálí. Sítáàṣì dára ju sẹ́lótéèpù lọ: ṣíbí 1 sí omi tútù ṣíbí 5, ẹ pò ó kó má ní kókó, ẹ rò ó lórí iná títí á fi ki, tí á sì máa dán, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ ta okùn sára ògiri, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 161 láti ilẹ̀, kí ẹ fi péègì méjì gbé páálí kọ̀ọ̀kan kọ́. Àárín páálí á wà ní 130, tí àgbà kò ní bẹ̀rẹ̀ jù, tí ọmọdé kò sì ní na ọrùn. Okùn á sọ̀ bí kò bá sí ìṣó ní gbogbo mítà kan àbọ̀. Pẹ̀lú àlàfo 8, páálí kan gba 60, ọmọ 28 á gba mítà 16.8. Bí ògiri kan kò bá tó, ẹ lo méjì, ẹ má há wọn mọ́ra. Ẹ yẹra fún ibi tí oòrùn ń tàn sí tààrà; àwọ̀ máákà ló ń kọ́kọ́ ṣá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má bi í pé “Kí lo yà?”, torí àwòrán ti sọ ìyẹn. Ẹ bi í pé: “Ibo ló nira jù? Kí lo yí padà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì?” Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tó kọ ọ́ pé “Mo sọ igi ẹ̀yìn di kékeré, kó lè jìnnà” ti dáhùn ìbéèrè àwọn òbí yín.

Lọ́jọ́ náà, ẹ tẹ́ tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà. Kí òbí kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún ya ọwọ́ òsì ara rẹ̀, láìwo bébà rárá, ọwọ́ yẹn nìkan ni kó máa wò. Kí ọmọ rẹ̀ dúró tì í, kó máa sọ fún un pé “ẹ rọra, ẹ tẹ̀ lé etí ìka.” Àwòrán náà á wọ́, kò burú. Ẹ kó bébà tó pọ̀ síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn á fẹ́ tún un yà.