Ọṣẹ Ìṣọ̀yè Kò Lè Ya Bátánì fún Ọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti gba fìrídọ̀ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ àdìrẹ. Mo mọ oníko tí a ń di, mo mọ ẹlẹ́kọ tí a ń fi ẹ̀kọ yà, ọwọ́ mi sì mọ́. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá jókòó láti ya nǹkan tèmi, ṣe ni orí mi máa ń ṣófo. Orí Instagram ni mo ti ń wo tàwọn ẹlòmíràn. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni, pé a kò bí i mọ́ mi, pé kí n ra ọṣẹ ìṣọ̀yè kan tó ń ṣí ojú inú oníṣẹ́ ọwọ́, kí n máa fi wẹ̀ lóru fún ọjọ́ méje. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Báwo ni mo ṣe lè máa rí èrò tuntun tí yóò fi ohun tó wà nínú mi hàn?

Ìdáhùn: Má rà á. Kò ṣiṣẹ́, kò sì lè ṣiṣẹ́. Mi ò tíì ka lẹ́tà rẹ dé ìdajì tí mo ti mọ ibi tó ń lọ, torí irú rẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ọṣẹ lónìí, àdúrà olówó gọbọi lọ́la, lọ́túnla kíláàsì orí fóònù tí wọ́n ti máa ta ẹgbẹ̀rún bátánì fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kì í ṣe dókítà awọ ara, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí o ò mọ ohun tí wọ́n gún mọ́ ọn, má fi kan ojú rẹ. Bí o bá ti lò ó tí ara sì ń yún ọ, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ, má padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Mi ò bá ìṣọ̀yè jà o. Ẹni tó ń kọ́ ifá mọ ohun tó ń lò ó fún, kó má baà gbàgbé ni. Ìwọ ò gbàgbé nǹkan kan, ọmọ mi. Ohun tí o kò tíì rí, kí lo fẹ́ rántí nínú rẹ̀?

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o gbà pé èrò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kí ọwọ́ tó dìde. O wá jókòó síwájú aṣọ funfun, ò ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò. Àwọn ìyá tó ṣe bátánì tí gbogbo ayé ń yìn lónìí kò retí ẹnì kankan. Mú bátánì Ìbàdàndùn wò. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929. Láàárín òpó kan sí èkejì, ṣíbí ni wọ́n yà síbẹ̀. Ṣíbí! Ta ló lá àlá ṣíbí? Ilé tuntun yọ gàgàrà lókè, wọ́n wò ó. Ṣíbí wà nílé, wọ́n wo ìyẹn náà. Lójú tèmi, wọ́n rí i pé méjèèjì gùn, pé wọ́n á jókòó dáadáa ti ara wọn nínú ojú onígun mẹ́rin kan, ó parí.

Olóba ńkọ́? Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán òun àti Mary ayaba rẹ̀ wà káàkiri. Àwọn aládìrẹ mú un, wọ́n gbé e sáàárín aṣọ, wọ́n fi ọnà tiwọn yí i ká, wọ́n sì sọ ọ́ ní Olóba. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá inú òun ni àwòrán náà ti wá. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n yà. Ìwọ ń wo fóònù, o ò wo òpópónà tí ò ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ pé a kò bí i mọ́ ọ yẹn, etí mi ti kún fún un. Wọ́n á ní ẹ wo Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ, ìran wọn ni. Òótọ́ ni pé ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n bí i sí ní Ogidi ní 1951, ìyá àgbà rẹ̀ ló sì fi àdìrẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ wo ohun tí mo sọ: wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọmọdé ló ti wà nídìí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń ya àwòrán, kí la ó wí nípa Twins Seven Seven, ayàwòrán tó lókìkí, tó jẹ́ oníjó kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ní Òṣogbo ní 1964? Wọn ò sọ ohun tí yóò yà fún un. Wọ́n gbé irinṣẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa bá a fà á.

Nídìí irinṣẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún tí o fi álọ́ọ̀mù sè, tí o fà á lórí aṣọ, ẹ̀kọ náà á nípọn níbẹ̀rẹ̀, á máa fẹ́lẹ́ bí o ti ń lọ, á sì tán kó o tó fà á jìnnà. O ò lè fa ìlà kan ṣoṣo láti etí aṣọ dé etí. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi kún fún ìlà kéékèèké, tótòtó àti ewé tín-ín-rín. Ìyẹ́ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Fi ẹyọ ọwọ̀ kan dípò rẹ̀, ìlà á le, á rí gbọọrọ. Ibi tí ìlà rẹ ti ń fẹ́lẹ́, tó ń tán, tí o máa ń sáré tún yà kó lè dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀gá rẹ, ibẹ̀ ni kó o dúró sí wò. Ya irú rẹ̀ ogún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n tán bẹ́ẹ̀. O ti bẹ̀rẹ̀ bátánì nìyẹn, o ò sì tíì ronú.

Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé páànù fún àdìrẹ oníbátánì, èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀kọ gba ojú ihò páànù sórí aṣọ, mọ irú òfin yìí dáadáa. Bí o bá gé òrùka yípo lára páànù, àárín rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi afárá tóóró sílẹ̀ níbì kan tàbí méjì láti gbé e dúró. Níbi tí afárá wà, ẹ̀kọ kì í débẹ̀, aró á sì gba ibẹ̀. Òrùka funfun á wá jáde ní gígé-gígé. Àwọn tó ń rà á máa ń rò pé ẹnì kan jókòó ro gígé-gígé yẹn fún ẹwà. Kí páànù má baà já ni.

Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń tàn ọ́. Lórí gíláàsì, ìlà dúdú lò ń fà sórí funfun. Lórí aṣọ, ibi tí o fi ẹ̀kọ sí ni yóò funfun, ibi tí o ò fọwọ́ kàn ni aró máa mu. Àlàfo tí o rò pé kò já mọ́ nǹkan ló máa gba ojú àwọn èèyàn. O ò sì ní rí i lójú ẹsẹ̀. Aṣọ á jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á sọ ọ́ di àwọ̀ aró, o tún un rì bọ inú rẹ̀, o sá a, ó gbẹ, o ha ẹ̀kọ kúrò, ìgbà yẹn lo tó mọ ohun tí o ṣe.

Nítorí náà, gé aṣọ kékeré kan, kó jẹ́ òwú, má lo ọ̀rá tó ń dán. Fi ìlà pín in sí ojú onígun mẹ́rin 16. Mú nǹkan kan tó wà níwájú ilé rẹ, ì báà ṣe géètì, táyà ọ̀kadà tàbí wáyà iná tó dì mọ́ra wọn lórí òpó. Ya á sí ojú kìíní. Ní ojú kejì, tún un yà, àmọ́ yí nǹkan kan péré padà: jẹ́ kó tóbi ju ojú lọ, tàbí kí o dojú rẹ̀ délẹ̀, tàbí kí àárín rẹ̀ gba ẹ̀kọ dípò etí. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí 16 á fi pé. Nǹkan bí ojú mẹ́fà àkọ́kọ́ á sú ọ, wọ́n á sì jọ nǹkan tí o ti rí rí. Má ya á sórí ìwé ṣáájú. Rẹ ẹ́, kó gbẹ, gbé e kọ́ sára ògiri fún ọjọ́ díẹ̀. Ojú kan wà tí wàá máa padà wò. Òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ tó kàn.

Kí n tó gbàgbé, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé èmi ni mo ní kí ó ṣe é: bó bá jẹ́ aró ilé lò ń po, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bo ojú àti imú rẹ, kó o sì wà níta gbangba. Omi ni kó o kọ́kọ́ bù, kí o wá rọra máa da kọ́sítíìkì sódà sí i. Má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé, á hó, á sì ta sí ọ lójú. Má pò ó nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́. Hydrosulphite, kẹ́míkà kejì tí a fi ń po aró, má jẹ́ kí omi kán sínú ike rẹ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Bí o kò bá rí ẹni tó ti ṣe é rí dúró tì ọ́, gbé aṣọ rẹ lọ fún aláró, kó bá ọ rẹ ẹ́.

Ní ti ohun tó wà nínú rẹ tí o fẹ́ fi hàn, ìyẹn ò le tó bí o ti ń gbé e. Fún obìnrin méjì ní Ìbàdàndùn kan náà láti yà, aṣọ méjèèjì ò ní jọra. Ọ̀kan á há nǹkan mọ́ra, èkejì á jẹ́ kó mí. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ń wá ara rẹ̀ kiri nínú wọn. Ìwọ ṣáà yà.

Èyí tí o rí lórí Instagram, tí o yà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, fi kọ́ ọwọ́, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ tà á, kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín, torí ọ̀rọ̀ òfin lè wọ̀ ọ́, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà. Àwọn bátánì àtijọ́ bí Olókun àti Ìbàdàndùn, gbogbo wa la jọ ń yà wọ́n, máa yà wọ́n bó ṣe wù ọ́.

Bí o bá ti rẹ aṣọ onígun 16 náà, ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Má gé èyí tó bàjẹ́ kúrò o, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ wò.